Àjà kẹfà ń làágùn, gráùndì ń wọ súẹ́tà: ṣé pọ́ǹpù ńlá ni àbí fáàfù?

Ẹnì kan tó ń bójú tó ilé ọ́fíìsì kan ní Victoria Island l'Ékòó ló bi mí ní ìbéèrè yìí, mo kàn gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹnjiníà, ẹ kú iṣẹ́ sà. Gráùndì pẹ̀lú àjà mẹ́fà ni ilé wa. Chiller méjì (ẹ̀rọ tó ń mú omi tutù) àti pọ́ǹpù wà lẹ́yìnkùlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹ́nẹ́rẹ́tọ̀, omi tútù ló ń lọ sí àwọn FCU (fan coil unit, àpótí tó ní fáànù àti kọ́ìlì tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tútù sínú yàrá) tó wà nínú síílíǹ. Àwọn báńkì tó wà ní gráùndì ń wọ súẹ́tà, àwọn akáǹtáǹtì àjà kẹfà ń làágùn láti Monday dé Friday. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá wá ṣiṣẹ́ ní Saturday, tí báńkì ti tì, ibẹ̀ a máa tutù dáadáa, a ò mọ ìdí. Kọ́ntírákítọ̀ kan ní ká ra pọ́ǹpù tó tóbi ju èyí lọ, ẹlòmíì ní ká fi fáàfù tó ń dá ṣiṣẹ́ sí gbogbo FCU. Ball valve lásán ló wà níbẹ̀ báyìí, àti fáàfù mọ́tò tí thermostat ń ṣí tó ń tì. Ta ni ká gbà gbọ́?"

Ọ̀gá mi, ẹ kú ìfaradà, mo mọ̀ pé àwọn akáǹtáǹtì yẹn ò ní jẹ́ kí fóònù yín sinmi. Ẹ má tíì ra pọ́ǹpù kankan o. Nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ, ọ̀rọ̀ Saturday yẹn ló wọ̀ mí lójú jù. Chiller kan náà, pọ́ǹpù kan náà, páìpù kan náà, Saturday dé, òkè tutù. Kí ló yí padà? Báńkì ti ìlẹ̀kùn, wọ́n pa thermostat wọn, fáàfù wọn tì, omi tí wọ́n ti ń gbà mọ́ àwọn tòkè lọ́wọ́ látàárọ̀ Monday wá ráyè gòkè. Omi ò kéré nínú ilé yín, kò sẹ́ni tó ń pín in ni. Bí òde ìnáwó tí wọn ò yan ẹni tó máa pín oúnjẹ ló rí, àwọn tó jókòó sẹ́bàá ibi tí kúlà wà á jẹ àjẹṣẹ́kù, àwọn tó wà lábẹ́ kánópì ẹ̀yìn á máa wo ojú ara wọn, tẹ́ ẹ bá wá ní kí wọ́n se ìkòkò ìrẹsì kan sí i, àwọn iwájú yẹn náà ló máa kọ́kọ́ bù ú. Ìkòkò kejì yẹn ni pọ́ǹpù ńlá tí wọ́n fẹ́ tà fún yín.

Kọ́ntírákítọ̀ yín lè sọ pé Saturday èèyàn ò pọ̀, kọ̀ǹpútà tó wà lórí iná ò pọ̀, ìyẹn ló fi tutù. Òótọ́ wà níbẹ̀ díẹ̀. Torí ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ kẹ́ ẹ wọn nǹkan kan kó tó di pé ẹ náwó, ohun tẹ́ ẹ máa fi wọ̀n ọ́n ò sì wọ́n.

Ẹ wá tẹmomítà oníwáyà méjì, irú èyí tí àwọn tó ń tún AC ṣe máa ń so mọ́ páìpù. Ní ibi tí páìpù ti wọ àjà kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣí fóòmù tó bo páìpù díẹ̀, ẹ so ẹnu wáyà kan mọ́ páìpù tó ń gbé omi lọ, ẹ so ìkejì mọ́ èyí tó ń gbé e bọ̀, ẹ wá fi fóòmù bò ó padà kí afẹ́fẹ́ inú síílíǹ má báa tàn yín jẹ, ẹ dúró díẹ̀ kí nọ́ńbà tó wà lójú ẹ̀ fara balẹ̀. Monday ni kẹ́ ẹ ṣe é, bí aago mẹ́wàá àárọ̀, nígbà tí gbogbo FCU bá ṣí sílẹ̀. Ohun tí mo rò pé ẹ máa rí rèé: omi á wọ gráùndì ní dìgírì 7, á jáde ní 9. Ní àjà kẹfà á wọlé ní 7 tàbí 8, á jáde ní 15 tàbí 16. Ibi tí omi ti pọ̀ jù, omi ń sáré kọjá nínú kọ́ìlì ni, kò ráyè gbé ooru, ìyẹn ló fi ń padà bọ̀ ní tútù. Ibi tí omi ò ti tó, ìwọ̀nba tó dé ibẹ̀ ló máa ru gbogbo ooru yàrá yẹn, á wá padà ní lílọ́wọ́ọ́rọ́. Tẹ́ ẹ bá ti rí i bẹ́ẹ̀, ẹjọ́ ti parí. Tó bá jẹ́ pé gbogbo àjà pátá, títí kan gráùndì, ló ń jáde ní 15, ẹ̀n-ẹ́n, a lè wá máa sọ̀rọ̀ pọ́ǹpù. Tó bá sì jẹ́ pé omi tó ń wọ àjà kẹfà gan-an ti ń wọlé ní 11 nígbà tí ti ìsàlẹ̀ wà ní 7, ẹ lọ wo fóòmù páìpù yín, tàbí kẹ́ ẹ wá ibi tí omi àbọ̀ ti ń dà pọ̀ mọ́ omi àlọ.

Ìṣirò tó wà nídìí ẹ̀ ò le. Ẹ mú iye lítà omi tó ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 4.19, ẹ tún sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú iye dìgírì tí omi àbọ̀ fi ju omi àlọ, ohun tẹ́ ẹ bá rí ni kílówáàtì ooru tí omi yẹn gbé. FCU kílówáàtì 5 tí wọ́n ṣe fún dìgírì 5, 0.24 lítà ló yẹ kó gbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí omi bá ń padà pẹ̀lú dìgírì 2 péré, ó ti ń gba bíi 0.6 nìyẹn, FCU kan ṣoṣo ń mu omi FCU méjì ààbọ̀. Èyí tó wá ń bí mi nínú níbẹ̀ ni pé omi àpọ̀jù yẹn ò tiẹ̀ ṣe é láǹfààní. Kọ́ìlì ò ní tutù ní ìlọ́po méjì ààbọ̀ torí pé omi ẹ̀ di ìlọ́po méjì ààbọ̀, díẹ̀ báyìí ló máa fi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni FCU tó gba ìdajì omi ẹ̀ péré ṣì lè ṣe bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin iṣẹ́ ẹ̀. Nítorí náà tí èèyàn bá ti ń làágùn lábẹ́ FCU, ẹ mọ̀ pé omi tó ń dé ibẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an, kì í ṣe pé ó dín díẹ̀.

Tí ìwé FCU yín bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, torí ilé ọ̀hún l'Ékòó chiller lè jẹ́ ti Amẹ́ríkà kí FCU jẹ́ ti Málésíà kí fáàfù wá láti Yúróòpù, GPM (gálọ̀nù Amẹ́ríkà ní ìṣẹ́jú kan) àti tọ́ọ̀nù (ìwọ̀n agbára ìtutù) lẹ máa bá níbẹ̀: 2.4 GPM fún tọ́ọ̀nù kan tí ìyàtọ̀ bá jẹ́ dìgírì 10 ti Fahrenheit. Wọ́n á tún kọ Cv síbi tí àwọn ará Yúróòpù ń kọ Kv (iye kúbíìkì mítà omi tó máa gba inú fáàfù kọjá ní wákàtí kan tí prẹ́ṣọ̀ tó ṣubú níbẹ̀ bá jẹ́ bar 1), ẹ fi 0.865 sọ Cv di púpọ̀ kó tó di Kv. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti mú ọ̀kan fún ìkejì tí gbogbo fáàfù ilé náà fi ṣì.

Pọ́ǹpù ńlá ńkọ́? Ká ní ìdajì omi tó yẹ ló ń dé àjà kẹfà, tẹ́ ẹ fẹ́ fi agbára sọ ọ́ di odindi. Inú páìpù tẹ́ ò fọwọ́ kàn, tí omi bá di ìlọ́po méjì, prẹ́ṣọ̀ tó máa tì í á di ìlọ́po mẹ́rin, agbára iná tí pọ́ǹpù máa jẹ á di ìlọ́po mẹ́jọ. Mọ́tò kílówáàtì 11 á di 88, lórí dísù ti ìsinsìnyí! Àwọn báńkì ìsàlẹ̀ náà á gba ìlọ́po méjì àpọ̀jù tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀, fáàfù wọn á máa hó bí ejò, súẹ́tà wọn á di méjì.

Omi àpọ̀jù yìí tún ń dá chiller lóró. Chiller tí wọ́n ṣe kó gba omi ní 12 kó dá a padà ní 7, tó bá jẹ́ pé 9 lomi tó ń padà wá bá a, dìgírì 2 péré ló rí gé kúrò nínú márùn-ún, ìyẹn ni pé pẹ̀lú omi iye kan náà ìdá 40 nínú 100 agbára ẹ̀ ló lè ṣe, bó ti wù kó lágbára tó. Àwọn ọmọ iṣẹ́ á wá tan chiller kejì torí òkè ń pariwo, méjèèjì á máa ṣiṣẹ́ ọ̀lẹ, mítà dísù á máa sáré. Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ rí i pé chiller kan lè fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ilé yẹn gbé lọ́jọ́ tí oòrùn ò bá mú jù, lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti báláǹsì omi tán.

Ohun kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn kọ́ntírákítọ̀ wa, pé "omi ò lágbára láti gun òkè dé àjà kẹfà." Borehole ló kó ìyẹn sí wa lórí. Pọ́ǹpù borehole ń gbé omi láti ilẹ̀ lọ sínú táǹkì, omi yẹn ò padà wá, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ ru gbogbo gíga ilé. Omi chiller kì í ṣe bẹ́ẹ̀, yíyí ló ń yí po nínú páìpù tó dé pa, ìwúwo èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀ ló ń fa èyí tó ń gòkè, wọ́n pa ara wọn rẹ́. Bí omi ṣe ń fara ha inú páìpù, kọ́ìlì àti fáàfù nìkan ni pọ́ǹpù ń bá jà. Ilé alájà mẹ́fà tàbí alájà ogún, gíga kọ́ ni ìṣòro, bí ọ̀nà ṣe jìn tó ni.

Ibi tí gíga ti já mọ́ nǹkan ni prẹ́ṣọ̀ tí omi fi dúró sínú páìpù nígbà tí pọ́ǹpù ò ṣiṣẹ́. Ẹ pa pọ́ǹpù, ẹ wo géèjì tó wà ní ìsàlẹ̀. Ilé yín á ga tó mítà 25, ìyẹn jẹ́ bíi bar 2.5, ẹ fi ààbọ̀ bar lé e kí òkè pátápátá lè ní prẹ́ṣọ̀ díẹ̀, ó yẹ kẹ́ ẹ rí bíi 3 nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá rí 2, afẹ́fẹ́ ti wà nínú páìpù àjà kẹfà, kò sì sí fáàfù tó lè báláǹsì afẹ́fẹ́. Ẹ fi omi kún un, ẹ tú afẹ́fẹ́ jáde níbi tó ga jù. Ẹ tún ṣí asẹ́ tó wà níwájú àwọn FCU òkè wò. Ní àwọn ilé wa tí páìpù irin dúdú ti pẹ́, tí wọn ò da kẹ́míkà sómi rí, ẹrẹ̀ dúdú tẹ́ ẹ máa bá nínú asẹ́ yẹn, mágínẹ́ẹ̀tì lè gbé e. Èyí ò náni ju ọjọ́ kan lọ, ìgbà míì òun gan-an ni gbogbo wàhálà náà.

Ó wá ku fáàfù. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ pé àwọn ball valve tẹ́ ẹ ní yẹn, títì àti ṣíṣí ni wọ́n wà fún. Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti sọ fún yín rí pé kẹ́ ẹ tì wọ́n díẹ̀ nísàlẹ̀, gbogbo wa la ti ṣe é. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá yí ọwọ́ ball valve láti ṣíṣí dé àárín, omi ò ní fi bẹ́ẹ̀ dín, ibi tó ti kù díẹ̀ kó tì pátápátá ni gbogbo ẹ̀ ti máa yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó ń tún síílíǹ ṣe á fara gbún un, iṣẹ́ ti bàjẹ́. Gate valve burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, irin inú ẹ̀ á máa gbọ̀n, omi á jẹ ẹnu ẹ̀ títí kò fi ní lè tì mọ́.

Fáàfù tí wọ́n ṣe fún ìpín omi, èyí tí à ń fọwọ́ yí, ní ọgbọ́n mẹ́ta. Ọwọ́ ẹ̀ ní nọ́ńbà, ẹ lè sọ pé ó wà ní 2.4. Ó ní ibi tẹ́ ẹ lè ti í mọ́, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá tì í láti ṣiṣẹ́, tó bá ṣí i padà kò ní kọjá 2.4 yẹn. Ó sì ní ihò kékeré méjì lára, tẹ́ ẹ máa ki ẹnu róòbù mánómítà bọ̀, kẹ́ ẹ fi mọ prẹ́ṣọ̀ tó ṣubú láàárín wọn, láti ibẹ̀ ẹ máa mọ iye omi tó ń kọjá gan-an. Fáàfù tí kò ní ihò méjì yẹn, ẹ má rà á, ojú lásán lẹ máa fi báláǹsì.

Ìwọ̀n fáàfù ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣe é ṣì, wọ́n á ra èyí tó bá ẹnu páìpù mu. FCU wa kílówáàtì 5 yẹn ń gba 0.86 kúbíìkì mítà ní wákàtí kan. Tí páìpù bá jẹ́ DN25 (ìyẹn ni pé ìbú ẹ̀ jẹ́ bíi mìlímítà 25), tí wọ́n wá ra fáàfù DN25 tí Kv ẹ̀ jẹ́ 8.7 nígbà tó bá ṣí tán, ẹ pín 0.86 sí 8.7, ẹ sọ ohun tó jáde di púpọ̀ pẹ̀lú ara ẹ̀, prẹ́ṣọ̀ tó máa ṣubú níbẹ̀ ò ju 0.01 bar, ìyẹn kPa 1 péré. Mánómítà ò lè ka ìyẹn dáadáa, irú fáàfù bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ bíi kPa 3 ó kéré tán. Tẹ́ ẹ bá sì tì í kó lè ṣe iṣẹ́, ẹ máa tì í títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé, níbi tí nọ́ńbà ẹ̀ ò ti ṣeé gbọ́kàn lé mọ́, tí ìdọ̀tí á sì máa há sí i lẹ́nu. Ká ní kPa 10 lẹ fẹ́ kó jẹ níbẹ̀, Kv bíi 2.7 lẹ nílò, fáàfù DN20 ló máa ṣe ìyẹn ní nǹkan bí àárín. Owó fáàfù kékeré kéré sí i, ó tún ṣiṣẹ́ jù. Ẹ fi páìpù tó lọ gbọọrọ síwájú ẹ̀, ó kéré tán ìlọ́po márùn-ún ìbú páìpù, kẹ́ ẹ fi ìlọ́po méjì sẹ́yìn ẹ̀. Tó bá jẹ́ lẹ́yìn pọ́ǹpù ni, kó jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá. Tí ẹ́búù, ìyẹn ibi tí páìpù ti yà, bá wà nítòsí, omi á máa yí gbirigbiri wọ inú ẹ̀, ohun tí mánómítà bá sọ, irọ́ ni.

Bá a ṣe ń yí wọn náà ní ọgbọ́n. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kéèyàn bẹ̀rẹ̀ láti gráùndì, kó tì í dé ibi tó tọ́, kó bọ́ sí àjà kìíní, kó tì í, ìgbà tó bá fi máa dé òkè, gbogbo ti ìsàlẹ̀ ti yí padà torí pé ibi kan lẹ tì ni omi fi wá ibòmíì lọ. Ẹ ṣí gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ pátá, fáàfù mọ́tò náà, ẹ gbé gbogbo thermostat sísàlẹ̀ kó má sí èyí tó máa dédé tì. Lórí àjà kan ṣoṣo, ẹ wọn FCU kọ̀ọ̀kan, ẹ pín iye omi tó ń gbà sí iye tó yẹ kó gbà. Ẹni tí tiẹ̀ kéré jù, tó sábà máa ń jẹ́ èyí tó jìn jù, òun ni ọba àjà yẹn, ẹ ò gbọdọ̀ ti tiẹ̀. Ká ní ó ń gba ìdá 60 nínú 100, ẹ bọ́ sórí èyí tó tẹ̀ lé e, ẹ tì í títí òun náà á fi bá ọba yẹn dọ́gba. Bẹ́ ẹ bá ti ń ti èkejì, ti ọba á máa gòkè díẹ̀díẹ̀, torí náà ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró ti ọba pẹ̀lú mánómítà kejì, kẹ́ ẹ máa fi fóònù bára yín sọ̀rọ̀. Ẹ máa bọ̀ wá síhà ibi tí páìpù ti wọlé bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá parí, gbogbo FCU àjà yẹn á jọ máa gba ìdá kan náà, bóyá 75, tí omi bá kún wọ́n á jọ kún, tó bá fà wọ́n á jọ fà. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti ṣe gbogbo àjà bẹ́ẹ̀, ẹ wá ṣe àjà sí àjà pẹ̀lú fáàfù ńlá ẹnu ọ̀nà wọn, ní ọ̀nà kan náà. Ìparí pátápátá lẹ tó máa fọwọ́ kan pọ́ǹpù, tẹ́ ẹ sì lè rí i pé ńṣe lẹ máa dín eré ẹ̀ kù. Ìlànà àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí CIBSE (ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà ẹ̀rọ inú ilé) ń pè ní Commissioning Code W, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nìyẹn ní kíkún, ọ̀pọ̀ ìwé iṣẹ́ l'Ékòó ló sì ń tọ́ka sí i láìjẹ́ pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ṣí i wò. Tó bá ti wà láàárín ìdá 10 sí iye tó yẹ, ẹ fi sílẹ̀, kọ́ìlì ò ní mọ ìyàtọ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London tẹ́ ẹ máa ń bi mí nípa rédíétọ̀ yàrá òkè tí kì í gbóná, ẹ̀rọ yín náà ni mo ń sọ yìí. Fáàfù kékeré tó ní ìdérí funfun lápá kejì rédíétọ̀, tí ọwọ́ ò lè yí láìsí sípánà, òun ni fáàfù ìpín omi tiyín. Èyí tó sún mọ́ bọ́ílà jù lẹ máa tì jù, tó jìnnà jù lẹ máa ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Ẹ padà wá síbí, ọ̀gá mi. Fáàfù àfọwọ́yí ní àléébù kan: ó tọ́ nígbà tí gbogbo FCU bá ṣí. Tí ìdajì wọn bá ti tì, torí fáàfù mọ́tò yín ń ṣí ń tì, prẹ́ṣọ̀ á ròkè lórí àwọn tó ṣẹ́kù, omi wọn á tún pọ̀ jù. Nítorí èyí ni àwọn fáàfù tó ń dá ṣiṣẹ́ ṣe wà, ẹni tó ní kẹ́ ẹ lò wọ́n ò purọ́, àmọ́ irú mẹ́ta ni wọ́n, kò sì sọ èwo.

Àkọ́kọ́ ni èyí tó ní kátíríìjì onísípíríǹgì nínú, wọ́n ti gé e láti ilé iṣẹ́ fún iye omi kan, kò ní jẹ́ kó kọjá bẹ́ẹ̀. Ó rọrùn láti fi sí, àmọ́ tẹ́ ẹ bá yí FCU padà ọ̀la, ẹ máa ra kátíríìjì tuntun. Tilé tí omi kì í dín kì í pọ̀ ló dáa fún, níbi tí fáàfù ẹnu mẹ́ta wà, èyí tó ń jẹ́ kí omi tí FCU ò lò gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Èmi ò ní fi í sí ilé yín.

Èkejì ni èyí tó ń di ìyàtọ̀ prẹ́ṣọ̀ mú. Ẹnu ọ̀nà àjà kọ̀ọ̀kan ló ń gbé, lórí páìpù àbọ̀, ó ní túbù kọ́pà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó lọ so mọ́ páìpù àlọ. Tí prẹ́ṣọ̀ bá fẹ́ ròkè torí àwọn àjà míì ti tì, á fún ara ẹ̀ pọ̀, àjà yẹn ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ níta. Ẹ dákun, túbù tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, ẹ má jẹ́ kí àwọn káfíńtà tó ń ṣe síílíǹ tẹ̀ ẹ́ pa, ẹ fi fáàfù kékeré sídìí ẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni wọ́n ń pè ní PICV, òun ló di ìyàtọ̀ prẹ́ṣọ̀ mú, tó pín omi, tó tún ń ṣí tó ń tì fún thermostat, gbogbo ẹ̀ nínú ara kan. Ẹ kàn yí nọ́ńbà orí ẹ̀ sí iye omi tẹ́ ẹ fẹ́, ó parí, kò sí pé ọba wà kò sí pé mánómítà méjì. Tí ẹni tó háyà àjà kẹta bá wó pátísọ̀n tó tún fi FCU mẹ́ta kún un, àwọn tó kù ò ní mọ̀ rárá. Ó dáa gan-an, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ prẹ́ṣọ̀ kékeré kan kó tó jí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fẹ́ bíi kPa 15 sí 30. Tí àjà kẹfà ò bá ní ìyẹn, fáàfù lásán ló dà, àwọn tó ń tà á kì í fẹ́ràn láti dárúkọ èyí. Ihò inú ẹ̀ tún kéré, ẹrẹ̀ dúdú tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn á dí i láàárín oṣù díẹ̀. Ẹni tó bá ní òun máa fi PICV sí páìpù àtijọ́ láì kọ́kọ́ fọ páìpù mọ́, ẹ má gbé iṣẹ́ yẹn fún un.

Tó bá jẹ́ owó mi ni, lórí ilé yín, mi ò ní ra PICV fún gbogbo FCU. Mọ́tò fáàfù yín ṣíṣí àti títì nìkan ló ń ṣe, kì í rọra yí, nítorí náà idán tó dáa jù lára PICV ò ní ṣiṣẹ́ fún yín. Fáàfù àfọwọ́yí kékeré lórí FCU kọ̀ọ̀kan, èyí tó ń di prẹ́ṣọ̀ mú lẹ́nu ọ̀nà àjà kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ wá fi owó tó kù ra ẹ̀rọ tó ń yí eré pọ́ǹpù padà. Ojú tó ń wo prẹ́ṣọ̀ fún ẹ̀rọ yẹn, òkè ní àjà kẹfà ni kẹ́ ẹ fi í sí, kì í ṣe sídìí pọ́ǹpù. Tó bá wà nídìí pọ́ǹpù, pọ́ǹpù á máa di prẹ́ṣọ̀ ńlá mú lásán nígbà tí kò sẹ́ni tó ń lo omi. Pọ́ǹpù tó ń sá ní ìdá 80 nínú 100 eré ẹ̀, bí ìdajì iná ló ń jẹ, owó tẹ́ ẹ fi rà á á padà wá. Àjà tẹ́nikẹ́ni bá wá tún ṣe látòkèdélẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, ẹ lè fi PICV sí tibẹ̀.

Ẹ má gbàgbé chiller o. Tí gbogbo FCU bá tì lálẹ́ tí pọ́ǹpù sì rọra ń lọ, omi tó ń gba inú chiller kọjá lè kéré ju èyí tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é gbà lọ, ó lè dì yìnyín kó sì bẹ́ túbù inú ẹ̀. Ẹ fi ọ̀nà ẹ̀bùrú kan sílẹ̀ láàárín àlọ àti àbọ̀ pẹ̀lú fáàfù tó ń ṣí fúnra ẹ̀ tí omi bá kéré jù.

Ẹ sọ fún báńkì náà kí wọ́n gbé thermostat kúrò ní 16. Gbígbé e sí 16 ò mú kó tutù kíá, ńṣe ni fáàfù wọn ò ní tì láé torí yàrá ò lè dé 16 láéláé, 24 tàbí 23 tó wọn.

Gbogbo fáàfù tuntun tẹ́ ẹ bá fi sí, ẹ fi fóòmù wọ̀ ọ́ láṣọ tó ṣeé bọ́, kẹ́ ẹ ra èyí tí ihò mánómítà ẹ̀ gùn kó lè yọ jáde nínú fóòmù. Afẹ́fẹ́ Èkó ń bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ̀ sára ohunkóhun tó bá tutù ju nǹkan bíi dìgírì 24 lọ, fáàfù ìhòhò tó wà ní 7 á máa kán sórí POP tọ̀sán tòru, àwọ̀ tíì tẹ́ ẹ bá rí lára síílíǹ, òun náà nìyẹn.

Kẹ́ ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, ẹ bi í ní nǹkan mẹ́ta lórí FCU kan pàtó, ẹ tọ́ka sí èyí tó jìn jù ní àjà kẹfà: lítà omi mélòó ló yẹ kó gbà, Kv wo ni fáàfù tó fẹ́ fi síbẹ̀, kPa mélòó ló ń bẹ níbẹ̀ báyìí. Ẹni tó bá dáhùn ẹ̀kẹta láì gbé mánómítà gòkè, tó ń sọ ọ́ látorí àga, ẹ fún un ní owó mọ́tò kó máa lọ.